Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ló Gbé Will Rogers Ga, Kì í Ṣe Ojú Rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́ fún àròkọ yín lórí àwọn òṣèré ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí bí ẹ ṣe pe Will Rogers, ará Amẹ́ríkà, ní aláwàdà tí ojú rẹ̀ sọ di olókìkí.

Ọdún 1918 ló ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ fún iléeṣẹ́ Goldwyn, nígbà tí fíìmù kò tíì máa sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọkùnrin tí àwọn èèyàn ń torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sanwó wọ gbọ̀ngàn eré ní New York, tó máa ń fi okùn adaran dárà bó ti ń sọ̀rọ̀ ìjọba, tí wọ́n wá gbé síwájú kámẹ́rà tí kò létí. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí wọ́n ń kọ sáàárín àwòrán nìkan ló kù fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ díẹ̀ lára rẹ̀. Ó tún fi owó ara rẹ̀ ṣe fíìmù, owó náà sì wọlẹ̀, bí owó Baba Sala wa ṣe bá olè lọ lẹ́yìn náà lórí fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru. Ní ìparí ọdún 1922 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn ìwé ìròyìn. Nígbà tó wá ṣe fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ ní 1929, àwọn tó ti ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀, nígbà tó sì fi di 1934, kò sí òṣèré tó ń pe èrò wọ ilé sinimá bíi tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ojú fíìmù ṣì ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀ lónìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń wo fíìmù Yorùbá kan nílé mi. Ìyá kan rí ọmọ rẹ̀ tó ti pẹ́ lájò, ó ní, "Orí mi wú!" Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni pé orí rẹ̀ wú bí ẹni tí nǹkan gbá. Ọmọ àbúrò mi, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, bi mí pé ta ló lu màmá náà. Ó dùn mí wọra, nítorí gbólóhùn yẹn gan-an ni ayọ̀ eré náà wà, ọmọ náà kò sì rí i jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá àwọn oníṣẹ́ fíìmù ní Sùúrùlérè sọ ọ́, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn fún àwọn òǹkọ̀wé bíi tiyín, kí wọ́n sì sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń san án fún ẹni tó gbé kámẹ́rà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Èkó.