Àbẹ̀kẹ́ mi, àlá gọ̀

Òkè Ẹlẹ́rìn,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú ewu iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi yọ ilé-ọmọ rẹ o. Ewu iṣẹ́ abẹ kì í tán lọ́jọ́ kan, ìdí nìyẹn tí n kò fi tíì ṣíwọ́ kíkí ọ. Ojú egbò ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Bá mi kí i dáadáa. Ọkùnrin tó ń fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀, tó tún ń ro ọkà fún ọmọ, wọn ò pọ̀ ládùúgbò wa níbí.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp lóru Ọjọ́rú. Aago mẹ́ta ti kọjá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, wúyẹ́wúyẹ́ lo sì ń sọ ọ́, bí ẹni pé ẹnì kan ń tẹ́tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. O ní o tún ti lá a. Iná tún ń jó lọ́jà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ níbẹ̀, o ń wá ìsọ̀ rẹ, ìyá arúgbó kan wá gbé igbá tí wọ́n fi aṣọ funfun bò kọjá níwájú rẹ. O mọ̀ pé tìẹ ni ohun tó wà nínú igbá náà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ kò ṣe é gbé. O ní n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wá pè ọ́ láàárọ̀, o ní, "Màámi, ara mi ti yá." Ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Mo bá mú bírò. Lórí fóònù, wàá ti dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀ débì kan.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn kò tilẹ̀ dẹ́rù bà mí. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni iná jó ọjà Akẹ̀sán, ìwọ lo sì fi ojú ara rẹ rí i. Ìwọ lo pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà pé àpò èlùbọ́ mọ́kànlá ti di eérú. Wọ́n ti tún ọjà kọ́, o ti padà sórí ìsọ̀, o sì ti rò pé o gbàgbé. Ibi tí àlá ti ń rí ẹrù kó náà nìyẹn. Ohun tó bá bá nínú ilé ló ń lò.

Ti igbá yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí mo ti rí irú rẹ̀ rí.

Ṣé o rántí àpá tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi? O bi mí nípa rẹ̀ nígbà kan tí a jọ ń wẹ̀, mo ní ibẹ̀ ni wọ́n gbà gbé àbúrò rẹ jáde. Irọ́ kọ́, àmọ́ n kò sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e jáde ní 1994, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, kò dá. Wọ́n ní kí bàbá rẹ fọwọ́ síwèé, wọ́n sì yọ ilé-ọmọ mi lóru ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún 12 ni ọ́ nígbà yẹn. Ìgbà tí mo ní kí o lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ n'Ìbàdàn nìyẹn, tí o bínú sí mi títí di Kérésìmesì. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀. Ó gbé e dé sàréè, èmi náà sì ń gbé e kiri títí di alẹ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ.

Ìkòkò ni tèmi. Mo máa ń lá a pé mo wà ní ilé ìdáná ìyá mi, omi ń hó, gbogbo ènìyàn ń dúró de oúnjẹ, mo wá ìkòkò títí, n kò rí i. Nígbà míì màá rí ẹni tó gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni màá rí. Màá ta jí, òógùn ti fi aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo ṣe àṣìṣe kan: mo rọ́ àlá náà fún ẹni tí kò yẹ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé mi dé ilé àdúrà kan, n ò ní í dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń ríran níbẹ̀ ní wọ́n ti gbé ìkòkò ayé mi lọ sísàlẹ̀ odò. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu, lórí ẹní, pẹ̀lú egbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kejì, mo rí i pé ìró mi tutù níwájú. Mo rò pé òógùn ni. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi ń rùn. Ojú egbò ti là. Orí ọ̀kadà ni bàbá rẹ gbé mi sí padà sí ilé ìwòsàn, ó ń sunkún, kò sì jẹ́ kí n rí ojú òun.

N kò sọ èyí kí o lè kórìíra àdúrà. Ìyá rẹ kì í pa ìsìn jẹ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bàbá àwọn ọmọ sọ fún mi pé àbúrò òun obìnrin ti fi ọ́ sínú àdúrà òru orí fóònù, láti aago méjìlá sí aago méjì, lójoojúmọ́, torí kí àlá náà lè dáwọ́ dúró. Àbẹ̀kẹ́! Ẹni tí kò rí oorun sùn, ẹ tún ń jí i láago méjìlá láti gbàdúrà kó lè sùn? Sọ fún un pé màmá rẹ ní kí o yọ orúkọ rẹ kúrò níbẹ̀ títí dókítà yóò fi ní ara rẹ ti yá. Bí inú bá bí i, kó pè mí. Ka Sáàmù rẹ láago mẹ́sàn-án, pa fóònù, kí o sùn.

Ní báyìí, ohun tí n kò mọ̀ ní 1994 ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì, tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló jókòó tì mí tó là á yé mi. Ó ní abẹ́rẹ́ akunnilóorun tí wọ́n fún ọ kì í ṣe oorun gidi. Òun àti oògùn apàrora máa ń tẹ oorun tí a fi ń lá àlá mọ́lẹ̀ fún òru mélòó kan. Tó bá wá rí àyè gòkè padà, kì í rọra wọlé, ṣe ló máa ń ya dé bí omi tí wọ́n sé tó já odi. Ìdí nìyẹn tí àlá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fi máa ń hàn kedere bí ojúmọmọ, tó sì máa ń le. Ó bi mí pé oògùn wo lo ń lò. Mo ní Tramadol ni mo rí lórí páálí nígbà tí mo wá. Ó mi orí. Ó ní Tramadol fúnra rẹ̀ wà lára àwọn oògùn tó ń mú ènìyàn lá àlá burúkú. Má kàn dá a dúró fúnra rẹ o. Lọ bá dókítà, ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àlá burúkú ni oògùn yìí ń fún mi, ṣé ẹ lè dín in kù tàbí kí ẹ yí i padà?" Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ra oògùn oorun fún ọ ní kẹ́mísì, tàbí fún ọ ní àgbo mu lé e. Oògùn oorun pẹ̀lú Tramadol lè dá èémí ènìyàn dúró lójú oorun.

Ìbéèrè kejì tí wàá bi dókítà: "Nígbà tí ẹ yọ ilé-ọmọ nítorí ìju, ṣé ẹ fi ilé ẹyin sílẹ̀, àbí ẹ yọ ọ́ mọ́ ọn?" Ó yà mí lẹ́nu pé bàbá àwọn ọmọ kò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ilé-ọmọ tí oyún ń gbé, ọ̀tọ̀ ni ilé ẹyin tí ẹyin obìnrin ti ń wá. Bí méjèèjì ilé ẹyin bá lọ, ohun tó yẹ kó rọra dé bá ọ ní nǹkan bí ọmọ àádọ́ta ọdún, nígbà tí ara obìnrin ń dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, yóò dé lóòjọ́: ooru tí ń ti inú jáde, òógùn òru, kí ojú là gbòò láago méjì. O sọ fún mi pé fáànù ń fẹ́, àwọn ọmọ ń fa bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìwọ sì ń tú aṣọ. Ìyẹn kì í ṣe ayé. Oògùn wà fún un, dókítà ló sì máa sọ bóyá ó bá ọ lára mu. Bí wọ́n bá fi ilé ẹyin sílẹ̀, ooru náà ṣì lè ṣe ọ́ díẹ̀ kó tó lọ.

Ó ku àwọn tó ń wá kí ọ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ oṣù tí kò jáde mọ́ ń pọ̀ sínú ikùn. Inú ilé-ọmọ ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ti ń wá. Nígbà tí ilé ti lọ, èwo ni yóò tún pọ̀ níbẹ̀? Wọ́n ní obìnrin tí wọ́n bá yọ ilé-ọmọ rẹ̀, bó bá tún ayé wá, àgàn ni yóò jẹ́. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló lọ tó ti dé? Ọmọ mẹ́ta lo bí, mo sì ti gbé gbogbo wọn pọ̀n. Ìju tí ń mú ọ sun ẹ̀jẹ̀ títí ojú rẹ fi ń funfun, tí o ń tò mọ́ ògiri kí o tó dé ilé ìtọ̀, ṣé òun ni wọ́n fẹ́ kí a fi sílẹ̀ nítorí ayé míì? Láti 1907 ni ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti ń tọ́jú aláìsàn nílùú yìí, kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi. Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ohun àjèjì fún wa, ẹnu wa ni kò tíì bá a mu.

Jẹ́ kí n padà sórí ìkòkò mi. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ojú egbò náà rán, àwọn Ìyá Alẹ́gùúsí tó wà lójú kejì wa (ọlọ́run ti pè wọ́n) máa ń gbé ẹ̀gúsí wá bó lọ́dọ̀ mi lábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́jọ́ kan mo rọ́ àlá náà fún wọn. Wọn ò pariwo, wọn ò sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Wọ́n fọ́ ẹ̀gúsí kan, wọ́n fẹ́ èèpo rẹ̀ nù, wọ́n ní, "Kí ló wà nínú ìkòkò náà?" Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó gbé e ńkọ́, ta ni?" Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń rí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Pe onítọ̀hún nísinsìnyí tí ojú rẹ wà lójú. Ní kó yíjú padà." Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má rẹ́rìn-ín, kí n pè é. Mo pè é lẹ́nu, lójúmọmọ, bí ọmọdé tí ń ṣeré. Mo ní ó yíjú padà, ìyá mi ni. Mo ní ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ọkà ló wà nínú rẹ̀, ó ní kí n jókòó jẹun. Wọ́n ní kí n máa rọ́ ọ báyẹn ní ọ̀sán, lójoojúmọ́. Mo rọ́ ọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àlá náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ó sú òun fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí mo sọ yẹn ní àwọn dókítà náà ń kọ́ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn fún àwọn Ìyá Alẹ́gùúsí.

Nítorí náà, lọ́sàn-án ọ̀la, jókòó kí o pe ìyá arúgbó yẹn. Ní kó sọ igbá kalẹ̀. Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o bá nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ òfìfo lo bá, sunkún rẹ. O ti pàdánù ohun kan lára rẹ, kò sí ẹni tó ní kí o má sunkún.

Nípa sísùn: fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún bí o bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, bí o bá fẹ́gbẹ́ lélẹ̀, fi ọ̀kan sáàárín ẹsẹ̀, kí o gbá ọ̀kan mọ́ ikùn. Nígbà tí o bá fẹ́ dìde, má fi ikùn fa ara rẹ sókè. Yí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtì igi, sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí o fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ sókè. Ikọ́ bá ń bọ̀, di ìrọ̀rí mọ́ ojú egbò. Máa rìn yípo ilé láàárọ̀ kí oòrùn lè kàn ọ́, má sì sun oorun ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Obì ńkọ́, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn? Mo mọ̀ ọ́. Fi sílẹ̀. Bí o bá dùbúlẹ̀ tí oorun kò wá, má bá bẹ́ẹ̀dì jà, dìde lọ jókòó sí pálọ̀ títí ojú yóò fi wúwo. Èlùbọ́ kankan kò sì gbọdọ̀ gba ọwọ́ rẹ kọjá kóńgò kan kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Ọmọ tó ń bá ọ tajà ló ni àpò gbígbé.

Bí ibà bá dé, tí ojú egbò ń rùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń rin páàdì láàárín wákàtí kan, tí ẹsẹ̀ kan wú tó sì ń dùn ọ́, tàbí tí àyà ń dùn ọ́ tí èémí ń há, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. Bákan náà ni bí ọkàn rẹ bá wúwo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tí ayé bá ń sú ọ. Àìsàn nìyẹn náà, dókítà ń tọ́jú rẹ̀.

Má wá sí ọ̀dọ̀ mi o. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, pẹ̀lú kòtò àti tírélà rẹ̀, kì í ṣe fún ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Èmi ni màá wá ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ra ìrọ̀rí méjì l'Ọjà Jagun, awakọ̀ yóò gbé wọn dé ṣáájú mi. Èyí tó fúyẹ́ ni kí o máa gbá mọ́ ikùn. Tí ó bá di aago mẹ́ta òru tí o tún ta jí, má fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Pè mí. Àgbà ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ pípẹ́, fóònù mi sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Èmi ni,
Màámi rẹ.