Ẹ má tíì hú ọta náà

Olóòtú,

Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ awárin (èyí tó ń dún bí irin, bàbà tàbí òjé bá wà nínú ilẹ̀) lọ pápá ogun àtijọ́, tí wọ́n ń hú nǹkan láìkọ ibi tó wà sílẹ̀, ń ba ẹ̀rí jẹ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe é dáadáa ní Little Bighorn, pápá ogun ọdún 1876 kan ní Amẹ́ríkà: lọ́dún 1984, àsíá kékeré ni wọ́n ń rì síbi tí ẹ̀rọ bá ti dún. Wọ́n á wọn ibẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀ kí wọ́n tó mú nǹkan. Àpá tí abẹ́rẹ́ ìbọn fi sí ìdí kòròfo ọta ni wọ́n fi tọpa ìbọn kan náà láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ẹni tó bá yí ẹ̀rọ pé kó má dún fún irin (ọ̀lẹ ni!), kò ní rí orí ọfà onírin. Ẹ má ha èèpo funfun ara ọta òjé: májèlé ni, àpá tí inú ẹnu ìbọn fi sára ọta á sì parẹ́.