Ilé Ọmọláńgidi Tí Ọmọ Rẹ Kọ́ Sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mi

Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Àkànkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù, pé ọmọ rẹ ń fi ọmọláńgidi ṣòfò àkókò tó yẹ kó fi kàwé, àti pé o fẹ́ kó gbogbo wọn pamọ́ títí ìdánwò yóò fi parí. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, páálí bàtà méjì ló fi kọ́lé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi páálí ìṣáná ṣe bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi àjákù ańkárá tí télọ̀ iwájú ilé fún un ṣe kọ́tìnì. Mò ń já ẹ̀fọ́, mò ń wò ó. Ó gbé ọmọláńgidi tó pè ní ìyá àgbà sí yàrá tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, Màmá, wọn ò lè rìn jìnnà." Ó ti ń wo bí mo ṣe ń di ògiri mú lọ sí balùwẹ̀. Ìdérí ìgò mẹ́ta ló ní fún abọ́, èèyàn mẹ́rin ló sì wà nínú ilé rẹ̀. Ó rò ó títí, ó wá ní kí ìyá àti àbúrò jọ jẹ nínú ẹyọ kan.

Bó ṣe ń dá sọ̀rọ̀ ló ń bà ọ́ lẹ́rù, mo mọ̀. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cardiff ní ilẹ̀ Wales yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ ọdún 4 sí 8 wò bí wọ́n ti ń ṣeré, wọ́n sì rí i pé, bí ọmọ bá tilẹ̀ ń dá fi ọmọláńgidi ṣeré, apá ibi tí a fi ń ro ti ẹlòmíràn máa ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà tó bá ń dá ṣe géèmù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọmọláńgidi Barbie ló náwó sí ìwádìí náà, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo gbára lé jù.

Má lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kí òun náà máa pọn ọmọ nínú ilé yẹn. Má sì bá wọn to ilé náà. Ìwọ ṣáà jókòó nítòsí kí o máa gbọ́, nítorí ohun tí ọmọ ò lè sọ fún ọ lójúkojú, ẹnu ọmọláńgidi ni yóò gbà sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọláńgidi rẹ̀ jágbe mọ́ èkejì pé, "Dákẹ́, iṣẹ́ ti rẹ̀ mí!" Ohùn rẹ ni mo gbọ́, ọmọ mi. Mi ò sọ ọ́ láti bá ọ wí.

Mo ti fi okùn di páálí méjèèjì mọ́ èlùbọ́ tí mo ń fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá dé, jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tú u.

Èmi ni ìyá rẹ.