Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kọ́ ló kó o wálé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó ilé àti kòkòrò HIV ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde.

Ibi ìtọ́jú aboyún ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn a gún un níka, wọn a kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò ní pẹ́ tí èsì á fi jáde. Ọkọ ò sí níbẹ̀, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá wá rí kòkòrò náà lára ìyàwó, wàhálà dé nìyẹn. "Ìwọ lo kó o wálé!" Ìyá ọkọ á gbọ́, gbogbo ilé á gbọ́, wọ́n á ní kó kó ẹrù ẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀, ọkọ tó ń pariwo yìí ò ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ rí! Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin kan fi ń da oògùn wọn kúrò nínú ike, tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, kí ike má baà máa dún ṣàkàṣàkà nínú báàgì. Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ ní padà wá gbà á mọ́, oògùn yìí kan náà ló sì ń dáàbò bo ọmọ inú.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé láàárín àwọn ẹni ọdún 15 sí 49, ìdá 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin ló ní kòkòrò yìí, ti ọkùnrin sì jẹ́ 0.9. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ìṣekúṣe wọn ni. Ara obìnrin tètè ń gba kòkòrò náà, ọ̀pọ̀ wọn ò sì lẹ́nu láti ní kí ọkọ lo rọ́bà. A ní kí ìyàwó má yan àlè. Ó gbọ́, kò yàn. Ta ló bá ọkọ sọ ọ́?

Oògùn ìdènà tí wọ́n ń pè ní PrEP wà fún ẹni tí kò tíì ní kòkòrò náà, hóró kan lójúmọ́. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ náà ní tirẹ̀, tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Àmọ́ àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi pé, "Ṣé ọkọ yín mọ̀?"

Mo bẹ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa: ẹ ṣí yàrá àyẹ̀wò fún àwọn ọkọ nírọ̀lẹ́ àti ní Sátidé, nígbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ fún ìyàwó tó bá béèrè ní oògùn ìdènà, láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá sì tú àṣírí aláìsàn síta, ẹ fi òfin ọdún 2014 tó dáàbò bo àwọn tó ní HIV mú un.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.