Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Fọwọ́ Ara Wọn Múra Àwòrán Wọn fún Ìpàtẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí pé sáà kẹta ti ń parí lọ, àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ti ń múra ayẹyẹ ìparí ọdún, níbi tí wọ́n ti máa ń pàtẹ àwòrán àwọn ọmọ sára ògiri kí àwọn òbí lè wò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń dùn mí ni pé olùkọ́ ló sábà máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó wà láàárín ìgbà tí ọmọ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ àti ìgbà tí àwòrán dé ara ògiri.

Lọ́dún tó kọjá, níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, mo rí àwòrán tí ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan fi ya ìyá rẹ̀ nídìí agbada àkàrà. Wọ́n ti gé òkè rẹ̀ kó lè bá àwọn yòókù dọ́gba, èéfín tí ọmọ náà fara balẹ̀ yà sì bá a lọ. Sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gba orí gèlè ìyá náà kọjá. Ọmọ náà dúró níwájú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mi ò dá olùkọ́ náà lẹ́bi, nítorí iṣẹ́ gbogbo kíláàsì ló wà lọ́rùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo; ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ti mọ iṣẹ́ náà ṣe, ẹrù náà kì bá tí wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Kí ọmọ kọ́kọ́ yan èyí tó fẹ́ kí àwọn èèyàn rí nínú àwòrán rẹ̀, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Ìdajì ẹ̀kọ́ náà nìyẹn lójú tèmi. Lẹ́yìn náà, kó fi rúlà wọn páálí tí yóò fi ínṣì 2 yọ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó sì fi ínṣì 2 àbọ̀ yọ nísàlẹ̀, nítorí bí ìsàlẹ̀ kò bá fẹ̀ díẹ̀ jù òkè lọ, àwòrán a máa dà bí ohun tó ń yọ̀ bọ́. Òkè nìkan ni kó lẹ̀ mọ́ páálí. Bébà máa ń mu ọ̀rinrin lásìkò òjò, a sì máa fẹ̀. Bí a bá lẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, yóò wú. Sẹ́lótéèpù a máa pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ a sì máa ba bébà jẹ́ kí ọdún mélòó kan tó pé. Ẹ̀kọ làfún tí àwọn aládìrẹ wa mọ̀ dunjú sàn jù ú lọ, bí a bá fi díẹ̀ péré, kí aáyán má baà sọ ọ́ di oúnjẹ. Kí ọmọ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀, kó sì kọ àkọlé, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọdún sórí káàdì kékeré. Ibi tí ojú àwọn ọmọ mọ ni kí wọ́n gbé e kọ́ sí.

Láti Òṣogbo yìí ni iṣẹ́ àwọn ayàwòrán bíi Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti Twins Seven-Seven, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ti dé òkè òkun. Àwòrán tí kò ní ohun tó gbà á dúró lẹ́yìn kò lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ, kí àwọn òbí sì máa tọ́jú páálí bísíkíìtì dípò kí wọ́n dà á nù.

Èmi àti ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún àwòrán rẹ̀ gbé sórí páálí tuntun. Èéfín kò ṣeé dá padà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, ínṣì 3 ló sì fi sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó ní kí ìyá òun lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo