Fọ́ọ̀mù tí mo sáìnì, ṣé irin tó ti dípẹtà wà nínú ẹ̀ ni?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí ní Láfẹ́nwá níbí, ọdún 21 rèé tí mo ti ń jó irin, mi ò sì kí ń kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn, tí mo bá ti kà á tán mo máa ń fi nu gọ́gùsì mi ni, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n èyí ti ń dùn mí láti ìgbà họ́lídé.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin kó àwọn ọmọ lọ síbi ìṣeré kan nínú Abẹ́òkúta níbí, mi ò ní dárúkọ wọn torí ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán láàárín wa. Èrò pọ̀ lẹ́nu géètì, àwọn ọmọ ń fà mí ní ṣẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin tó ń gbowó wá na pépà kan àti bírò sí mi, ó ní, "Dádì, ẹ bá wa sáìnì síbí." Òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀ kéré bí eèrà, mi ò sì mú awò ojú mi dání. Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀, ó ní kò sí ńkankan, gbogbo èèyàn ló ń sáìnì ẹ̀. Bí mo ṣe sáìnì nìyẹn.

Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí ariwo ta. Àwọn ọmọ ń fò lórí trampoline, irin ẹ̀gbẹ́ kan já, ọwọ́ ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 9, bọ́ sáàárín sìpíríìnì, ó kán níbi ọrùn ọwọ́. Ìyá ẹ̀ ti gbé e, èmi náà yẹ kí n sáré tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni kì í fini sílẹ̀, mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ wo ojú ibi tó ti já. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọn ò jó irin yẹn yípo. Ibi mẹ́ta péré ni wọ́n ti fi iná kàn án, ohun tí àwa ń pè ní tákì, téèyàn fi máa ń mú irin dúró ná kó tó wá jó o dáadáa, wọn ò wá padà wá jó o mọ́. Wọ́n wá fi pẹ́ńtì yẹ́lò kùn ún lórí ìpẹtà. Mo fi èékánná họ ọ́, ó ń bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Mo ya fọ́tò ẹ̀ mẹ́rin.

Máníjà dé, ó kí wa pẹ̀lẹ́, àmọ́ nígbà tí mo dárúkọ owó hósípítù, fáìlì ló lọ gbé. Pépà ẹnu géètì yẹn ni, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá farapa, kò kàn wọ́n. Ó fi ìka lé orúkọ mi: "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sáìnì yìí?" Ẹnu mi wọhò. Àbúrò mi náà ń wò mí.

Lọ́yà kan tí mò ń bá ṣe géètì ní Ìbarà ló wá là mí lóye. Ó ní òfin kan wà tó ń gbèjà oníbàárà, FCCPA ti ọdún 2018, abala 129 ẹ̀ ní kò sí ẹni tó ń tajà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn tó lè fi pépà yọ ara ẹ̀ kúrò nínú àdánù tí àìbìkítà ńlá tiẹ̀ fà. Abala 128 tún wà, ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń gbé ewu lé oníbàárà lórí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn án kó rí i kó sì yé e, kì í ṣe kí wọ́n na bírò sí i lẹ́nu géètì. Àní àwọn òyìnbó ìlú Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1977 ni òfin tiwọn ti sọ pé kò sí ìwé tàbí pátákó tí oníṣòwò lè fi bọ́ nínú ikú tàbí ìfarapa tí àìbìkítà ẹ̀ fà.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀bi ni tiwọn o. Ọmọ tó bá fò tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀, eré nìyẹn, ìyẹn la mọ̀ tá a fi sáìnì. Èèyàn gun Olúmọ, ó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, ṣé ó máa wá ní kí àpáta san owó hósípítù ni? Àmọ́ tákì mẹ́ta lábẹ́ pẹ́ńtì ò sí lára eré. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mi ò sì lè gbà fún ohun tí mi ò mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo padà débẹ̀, wọ́n ti jó o yípo, jíjó gidi, pẹ́ńtì ẹ̀ ò tíì gbẹ. Iṣẹ́ tí ò tó wákàtí kan! Torí náà ẹ̀yin òbí, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi fáìlì lé yín lọ, èèyàn lè gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ó sì lè lọ kóòtù.

Ẹ bá mi sọ fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mósàn pé kí wọ́n máa rán èèyàn lọ wo àwọn irin yẹn kí họ́lídé tó ń bọ̀ tó dé. Tó bá jẹ́ ẹni tó mọ ojú irin ni wọn ò ní, kí wọ́n wá sí Láfẹ́nwá, a ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni,
Wẹ́dà kan ní Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta.