Àṣàkẹ́, Mí Kanlẹ̀

Òkè Àdó, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Mi ò sùn dáadáa láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí o pè mí láti ibùdó tí ẹ ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà l'Ékòó. O sọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí mi: "Màámi, bí mo ṣe gun ríìngì báyìí, gbogbo ohun tí kóòṣì kọ́ mi fò lọ. Ojo ni mí." Mi ò fẹ́ dá ọ lóhùn lórí fóònù, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn lọ́wọ́ kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Mo rí ọ lọ́jọ́ tí o wá jà níbí, n'Ìbàdàn, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí, lápá ibi tí ẹ ti ń jáde. Bí kóòṣì ṣe ń wé báńdéèjì mọ́ ọ lọ́wọ́, ò ń lá ètè. O tú okùn bàtà, o tún un so. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà. Èjìká rẹ ń lọ sókè sódò, ikùn rẹ kò mì rárá. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé òkè àyà lo ti ń mí. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, irú mímí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tó ń rọbí àkọ́bí ṣe máa ń mí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun bẹ́ẹ̀dì.

Àṣàkẹ́, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rù, ọ̀tọ̀ ni ojo. Gbogbo ẹni tó bá mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ẹ̀rù máa ń bà. Ojo ni ẹni tí ẹ̀rù bà tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìwọ ò sá. O dúró ráùndì mẹ́ta gbáko, ojú mi ló ṣe. Nítorí náà, má jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ mọ́.

Tí ara bá ti fura pé ewu ń bọ̀, ó máa ń tú nǹkan kan tí à ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, ẹnu á gbẹ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á há débi pé èèyàn ò ní rí ju ọ̀kánkán lọ, etí á di. Agbára ni Ọlọ́run fi síbẹ̀, kí a lè jà tàbí kí a lè sá. Ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù, ohun tí èèyàn kọ́ á wábi gbà, ọwọ́ á wá máa ju ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ohun tó ṣe ọ́ nìyẹn. Cus D'Amato, ẹni tó kọ́ Mike Tyson ní ẹ̀ṣẹ́ jíjà, máa ń fi ẹ̀rù wé iná: ó lè bá ọ se oúnjẹ, ó sì lè jó ilé mọ́ ọ lórí. Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí mọ̀ pé a kì í torí pé iná ń jó jù ká da omi sí i. Igi la máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Èémí rẹ ni igi tí wàá máa fà.

Fi imú fa èémí wọlé títí ikùn á fi yọ, ka ení dé ẹẹ́rin. Fi ẹnu tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ka ení dé ẹẹ́fà. Kí títú jáde gùn ju fífà wọlé lọ, torí ibi tí a bá ti ń tú u jáde ni ọkàn ti máa ń rọ ìlù rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n ń fún yín láàárín ráùndì. Nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, hẹlẹhẹlẹ lo máa kọ́kọ́ mí. Jẹ́ kí ìyẹn kọjá, kí o wá mú ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta tó gùn, lẹ́yìn náà ni kí o gbọ́ ohun tí kóòṣì ń wí. Tó bá sọ̀rọ̀ kí o tó mí, kò ní wọlé.

Jọ̀ọ́, fetí sí èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. A kì í kọ́ mímí lọ́jọ́ ìjà. Aboyún tí mo bá ti ń kọ́ láti oṣù kẹfà ló máa ń rántí. Èyí tó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí ẹni ń bá òkúta sọ̀rọ̀ ni. Ṣe é láàárọ̀ kí o tó dìde lórí ẹní. Ṣe é nínú dánfó nígbà tí kọ̀ńdọ́ọ̀ bá kọ̀ tí kò fún ọ ní ṣéńjì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o ṣe é gẹ́rẹ́ tí o bá fo okùn tán, tí àyà ṣì ń lù, torí bí ara ṣe máa rí nínú ríìngì nìyẹn.

Òru ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé lẹ́nu iṣẹ́. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, làǹtánì kan la gbé sójú fèrèsé. Ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ ń ké pé òun ò lè ṣe é mọ́. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, kò gbọ́. Ni ìyá rẹ̀ bá wọlé, kò bi wá léèrè nǹkan kan, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki í ní oríkì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi gbójú sókè. Èmi náà gé ọ̀rọ̀ mi kúrú: "Mí kanlẹ̀. Ó ti kù díẹ̀." Kí ìrun àárọ̀ tó pè, ó ti gbé ọmọ mọ́yà.

Ohun tí mo rí kọ́ lóru yẹn ni mo fẹ́ kí o mú lò. Ọ̀rọ̀ gígùn kì í wọ etí ẹni tí iná ń jó. Ìwọ àti kóòṣì, ẹ ṣa ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí kò gùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀: "Ọwọ́ sókè." "Gbẹ́sẹ̀." "Wò ó." Ohun tí o fẹ́ ṣe ni kí o sọ, má sọ èyí tí o ò fẹ́. Tí o bá ń sọ pé "mi ò gbọdọ̀ já ọwọ́ sílẹ̀", jíjá ọwọ́ sílẹ̀ náà ni ọkàn rẹ á máa rí. Kí o sì fi oríkì rẹ ṣíwájú: "Àṣàkẹ́, ọwọ́ sókè." Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn náà ti rí i pé ẹni tó bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ máa ń fara balẹ̀ ju ẹni tó ń wí pé "èmi, èmi" lọ. Àwọn ìyá wa ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́.

Lálẹ́, kí o tó sùn, pa iná, fi fóònù ka ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí o ja ráùndì kan lọ́kàn. Má wo ara rẹ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ojú ara rẹ ni kí o fi máa wo alátakò rẹ. Gbóòórùn àbóníkí, gbọ́ bí bàtà ṣe ń ha ilẹ̀ ríìngì, mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí ìbọ̀wọ́ ṣe wúwo tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe èyí, ìgbà tí wọ́n gbọ́wọ́ wọn sókè tí èrò ń pàtẹ́wọ́ nìkan ni wọ́n máa ń rí. Àlá ọ̀sán ni mo pe ìyẹn. Jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ bà ọ́ níbẹ̀. Jẹ́ kó bà ọ́ nímú kí omi lé sí ọ lójú, kí o wá rí bí o ṣe tẹ àgbọ̀n mọ́lẹ̀, bí o ṣe gbẹ́sẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí o ṣe mí, bí o ṣe dá jáàbù, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú, padà. Tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí ọ lógún ìgbà lórí ẹní, tó bá wá dé lójúkorojú, kò ní jẹ́ àlejò.

Ilé tí o ti jà náà dá kún un, mo mọ̀. Bàbá mi, ẹni tí o ò bá láyé, wà ní pápá ìṣeré Liberty yìí, ìdí ilé wa níbí, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, 1963, nígbà tí Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà pàdé fún ìgbà kẹta. Tiger ti gba ìgbànú àgbáyé lọ́wọ́ Fullmer ní San Francisco ní 1962, wọ́n ta ọ̀mì ní Las Vegas, ó wá ku Ìbàdàn. Bàbá mi ní ohùn òun há fún ọjọ́ mẹ́ta. Fullmer ò jáde fún ráùndì kẹjọ. Mo máa ń rò ó pé, ẹrù wo ló tún wúwo tó ìyẹn, kí gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ máa wò ọ́, kó jẹ́ pé tí o bá ṣubú, ilé lo ṣubú sí? Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o wá ibì kan fún ojú rẹ. Àyà alátakò rẹ, igun kóòṣì rẹ, ó tán. Bí o ṣe máa wé ọwọ́, bí o ṣe máa so bàtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà tí o máa pa fóònù, kó jẹ́ ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo, yálà Ìbàdàn ni tàbí òkè òkun.

Wọ́n ní ìjà ìgboro làrun Ìbàdàn. Ariwo wà lára wa, èmi náà sì wà lára àwọn tó pariwo lọ́jọ́ ìjà rẹ. Ní ráùndì kejì, mo dìde, mo pariwo orúkọ rẹ. Mo rí i pé o yíjú wá. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún alátakò rẹ bà ọ́. Àṣàkẹ́, ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Má bínú, ọmọ mi.

Ní ti ìjákulẹ̀, o mọ̀ nípa Israel Adesanya, oníjà tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, jù mí lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Alex Pereira nà án nínú kickboxing, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá, ó tún wá gba ìgbànú UFC, ìdíje ìjà àdàlù, lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, 2022. Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, Adesanya fi ẹ̀ṣẹ́ gbé e ṣubú ní ráùndì kejì, ó gba ìgbànú rẹ̀ padà. Ẹni tó nà án lẹ́ẹ̀mẹta ló tún jáde lọ bá. Tí o bá fìdí rẹmi, sunkún lóru ọjọ́ náà, kò burú. Ní ọjọ́ kejì, mú ìwé, kọ ohun kan tó dára, ohun kan tó bàjẹ́ àti ohun tí ara rẹ ń sọ fún ọ nígbà náà. Má kọ "mo gbọ́dọ̀ borí" síbẹ̀, torí àwọn adájọ́ ló ni ìyẹn. Kọ "màá fi jáàbù ṣíwájú ní gbogbo ráùndì". Ìyẹn, ìwọ lo ni ín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń sọ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì. Àwọn kan gbà pé ọkàn akin ni kí èèyàn máa fi ìpalára pamọ́. Tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà ọ́ lórí, tí orí ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé ọ, tí iná ń ta ọ́ lójú, tí o ò rántí bí ráùndì ṣe parí, ọpọlọ ló mì. Kò sí mímí tàbí oríkì tó ń wò ó. Sọ fún kóòṣì lọ́jọ́ náà, lọ rí dókítà, má sì wọ ìbọ̀wọ́ bá ẹnikẹ́ni jà títí dókítà á fi yọ̀ǹda. Ẹ̀ṣẹ́ kejì tó bá ba ọpọlọ tí kò tíì jinná lè pa èèyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ ní ojo nítorí ìyẹn, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí o pè mí, màá wá mú ọ. Bákan náà, tí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, má dá a gbé. Má sì fi omi du ara rẹ torí kí o lè fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n. Ọpọlọ tí òǹgbẹ ń gbẹ kì í ronú dáadáa.

Mo ti fún awakọ̀ kan ní gáréèjì Challenge ní èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí, ó máa pè ọ́ tó bá dé. Ìwé kan wà láàárín wọn, mo fi ọ̀rá wé e kó má bàa dọ̀tí. Mo ti kọ oríkì rẹ sójú ewé àkọ́kọ́, látòkè délẹ̀, bí ìyá mi ṣe máa ń kì í. Mọ̀ ọ́n sórí kí o tó padà wá jà níbí lóṣù tó ń bọ̀. Ìlà kẹta náà ni màá jókòó sí. N ò ní pariwo.

Èmi ni,
Màmá rẹ